Ohun Tí Mo Tọrọ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Bàálù

Àwọn tó mọ̀ mí rò pé ẹ̀rù pé bàálù lè já ló ń bà mí. Ìyẹn náà ń bà mí, mi ò ní purọ́. Bí bàálù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó tó gbéra, màá di àga mú pinpin, màá sì ka gbogbo súrà tí àáfáà fi pàṣán kọ́ mi ní kékeré tán kí a tó wọnú àwọsánmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Èyí tó ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí, ni pé bàálù ò ní gbéra rárá lọ́jọ́ tí bàbá mi bá kú, àti pé ilẹ̀ á ti bo ojú wọn kí n tó dé.

Mùsùlùmí ni wá nílé wa láti ìran bàbá ńlá wa. Òkú wa kì í dúró. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti gbé e sílẹ̀, àwọn àlejò ti ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Mi ò bá ẹ̀sìn jà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa ń tẹ̀lé e, kò sí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá tí ilé rẹ̀ wà ní Bódìjà.

Èmi nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá wọ bàálù ní Aláàkíà ní Ìbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, màá padà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe é. Mo lè lọ gba ojú títì, àmọ́ èmi ò fẹ́ kí wọ́n wá máa dá owó ìràpadà mi jọ ní mọ́sálásí. Bàálù iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lọ tààrà lákòókò tó bá iṣẹ́ mi mu, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe wá bó ṣe wù wọ́n.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ìyá mi kú. Àárọ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí, òun ló ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wa nílé wọn ní Challenge. Ó ní, “Àǹtí, ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ máa bọ̀.” Mo ní kó gbé fóònù fún wọn. Ó ní, “Wọ́n ń sùn.” Ẹ wo àgbàlagbà bíi tèmi, mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ra ọsàn fún wọn lójú ọ̀nà.

Mo dé pápákọ̀ òfurufú ní Àbújá ní aago mẹ́wàá. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà ní bàálù ń bọ̀. Ní aago méjìlá, ó ṣì ń bọ̀. Ní aago méjì, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Mo béèrè ohun tó ṣe bàálù, wọ́n ní ètò iṣẹ́ ni. Ètò iṣẹ́ wo? Ètò iṣẹ́ ṣáá ni. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo gbójú sókè, mi ò rí ẹnì kankan ní kántà mọ́. Wọ́n ti yọ́ lọ sílé wọn. Ká ní wọ́n ti sọ fún mi láàárọ̀ ni, ǹ bá ti wọ ọ̀kan nínú bàálù mẹ́ta tó lọ sí Èkó lójú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo wọ agbo ilé wa pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Erùpẹ̀ tuntun ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ti bomi rin ín. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, Àǹtí. Tí a bá sọ fún yín, tí nǹkan wá ṣe yín lọ́nà ńkọ́?” Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Èmi náà ti ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé “ara wọn ò yá” túmọ̀ sí pé wọ́n ti kú, “wọ́n ń sùn” sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ó wá ku bàbá mi. Ọdún kejìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n wà, kò sì sí eyín tó pọ̀ lẹ́nu wọn mọ́, síbẹ̀ bí mi ò bá ra ẹran kílíṣí bọ̀ láti Àbújá, ìjà ni. Wọ́n á kó o sẹ́nu, wọ́n á máa fà á lẹ́nu títí á fi rọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń wò wọ́n, àmọ́ ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí fóònù mi bá dún kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àyà mi á já. Mo sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n má pè mí láàárọ̀. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni.

Lẹ́yìn ọdún tuntun tó kọjá, a gbọ́ pé iléeṣẹ́ bàálù ti yọ ọ̀gá àgbà wọn, wọ́n ti gbé obìnrin kan síbẹ̀. Kò pẹ́ ni ìwé ìpè dé. Ó ní kí àwa tí a máa ń wọ bàálù òun láti Ìbàdàn lemọ́lemọ́ wá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road, ká wá sọ ohun tí a fẹ́ kí òun tún ṣe. Mo kọ́kọ́ pòṣé. Nígbà tó yá mo wọṣọ, mo lọ.

A tó ogójì. Ọ̀gá tuntun náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ìwé àjákọ àti bírò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ò wá sọ̀rọ̀, òun wá gbọ́ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà a ní kí Alhájì kan tó ń ta táyà ní Dùgbẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá yìí kan náà ti bú iléeṣẹ́ náà láti ẹnu géètì títí dé orí àga. Wọ́n gba gbohùngbohùn, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́hun á fún yín ṣe, ẹ ò ní ríjà àwọn tí ẹ bá lẹ́nu iṣẹ́. A ṣe àmín títí. Wọ́n gbàdúrà fún awakọ̀ òfurufú, wọ́n gbàdúrà fún bàálù. Nígbà tí wọ́n jókòó, wọn ò tíì mẹ́nu ba ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún wọn, mo ní, “Alhájì, ẹjọ́ ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré ni kẹ́ ẹ rò ó.”

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹnì kan ní míìtì páì tí wọ́n ń pín nínú bàálù tutù bí òkúta. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń gbé ní Agbowó ní orúnkún òun kì í gba àárín àga sí àga, kí wọ́n yọ ìlà àga kan kúrò. Ìyá kan ní àpótí òun kì í bá òun dé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ míìtì páì ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jù. Ọ̀gá tuntun náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá kàn mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: mo fẹ́ rí ojú bàbá mi kí wọ́n tó bò ó. Mo dìde. Báwo ni màá ṣe dúró láàárín èrò, kí n máa fi ẹnu ara mi ṣètò ikú bàbá mi, tí wọ́n wà láàyè ní Challenge, tí wọ́n sì bá mi jà lórí kílíṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an? Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Mo gba ẹ̀bùrú sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ sọ òtítọ́ fún wa, ẹ sì tètè sọ ọ́. Bí bàálù ò bá ní lọ, ẹ jẹ́ ká mọ̀ láàárọ̀. Ẹ sọ ohun tó ṣe é gan-an, ẹ má sọ pé ètò iṣẹ́. Kí ẹ sì sọ ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà, kí oníkálukú fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú.”

Ó gbójú sókè wò mí. “Ṣé iṣẹ́ ni ẹ máa ń sáré bá, Mà?”

Mo ní, “Iṣẹ́ ni.”

Ó kọ ọ́, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Mo rò pé ibẹ̀ náà ló máa parí sí, àmọ́ obìnrin yẹn ṣe é. Kí òṣù mẹ́ta tó pé, míìtì páì ti gbóná. Orúnkún olùkọ́ ṣì há, àmọ́ àpótí ti ń bá olówó rẹ̀ dé. Nígbà àkọ́kọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn wọ fóònù mi láàárọ̀ pé bàálù ìrọ̀lẹ́ á pẹ́ ní wákàtí kan nítorí òjò, mo rò pé àwọn ọmọ Yahoo ni, mo pa á rẹ́. Wákàtí kan gééré ló pẹ́. Alhájì onítáyà rí mi lórí ìlà, wọ́n ní irọ́ ti lọ fún ogún ọdún, òtítọ́ ti bá a lọ́jọ́ kan ṣoṣo. A jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa ní Àbújá.

Ọjọ́rú kan ni, lákòókò òjò. Mo ń mu tíì ní Àbújá nígbà tí fóònù dún, aago mẹ́jọ ò tíì lù. Àbúrò mi ni.

“Àǹtí, ara Bàbá ò yá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀.”

Mo gbé ife tíì kalẹ̀, mo wọ bàtà, mo bọ́ síta. Mi ò lè sọ bí mo ṣe dénú takisí. Bàálù tó ń lọ sí Ìbàdàn tààrà, aago méjìlá ni, mo sì fi fóònù ra ìwé ìrìnnà rẹ̀. Nínú takisí yẹn ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé. Ó ní bàálù aago méjìlá kò ní gbéra títí di aago márùn-ún, táyà rẹ̀ kan ti bàjẹ́, wọ́n ń dúró de òmíràn láti Èkó. Ó ní bàálù mìíràn kan ń lọ sí Èkó ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè bá a lọ láìsan kọ́bọ̀, mọ́tò á sì gbé e láti Èkó dé ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí mo tọrọ ní Ring Road nìyẹn, wọn ò yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ni mo dé kántà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, “Mà, ààyè kan ṣoṣo ló kù sí ti Èkó. Ṣé kí n kọ orúkọ yín?”

Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo pe àbúrò mi.

“Sọ òtítọ́ fún mi,” mo wí. “Mo ti dàgbà. Sọ ọ́.”

“Òtítọ́ ni mò ń sọ, Àǹtí. Wọ́n ń béèrè yín.”

“Gbé fóònù fún wọn.”

Kó tó fèsì, mo ń gbọ́ ohùn àáfáà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ka Yáásínì, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń wọlé tó ń jáde.

Ó ní, “Wọ́n ń sùn.”

Mo fara ti kántà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí wọ́n bá ti pè mí kí aago mẹ́jọ tó lù, a jẹ́ pé òru ni tàbí ìdájí. Wọn ò ní kọjá ìrun aago méjì kí wọ́n tó gbé wọn jáde. Bí mo bá gba Èkó, bí ọ̀nà bá dára, aago mẹ́ta ni màá wọ Challenge. Wọ́n á ti sìnkú tán. Mo wá rí ara mi nínú mọ́tò ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí mò ń sunkún láàárín àwọn tírélà lójú ọ̀nà Èkó, torí kí n lè tètè débi erùpẹ̀ tútù. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù erùpẹ̀ yẹn bà mí ju ẹ̀rù ọ̀nà lọ. Kí ni mo ń sáré bá?

“Mà, ṣé kí n kọ ọ́? Ẹnì kan wà lẹ́yìn yín.”

Mo ní, “Má kọ ọ́. Mo máa dúró de ti aago márùn-ún.”

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi gba ààyè náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pa fóònù mi, nítorí mo mọ̀ pé láìpẹ́ àwọn ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti kí mi kú ọ̀fọ̀, mi ò sì fẹ́ máa sọ “ẹ ṣé” fún ẹnì kankan. Mo wọ yàrá ìkírun àwọn obìnrin. Ibẹ̀ ni mo wà. Mo tọrọ àforíjìn fún wọn. Mo sunkún títí aṣọ ìborùn mi fi tutù. Nígbà tí aago méjì lù, mo kírun, lẹ́yìn náà mo jókòó, mo ń fojú inú wo àwọn ọmọkùnrin ilé wa bí wọ́n ṣe ń gbé wọn jáde. Nígbà tó di aago mẹ́ta, mo sọ fún ara mi pé ó ti parí. Mo tilẹ̀ sùn díẹ̀ lórí ẹní.

Aago márùn-ún gééré ni bàálù gbéra, bí wọ́n ṣe wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mi ò ka súrà kankan nítorí tèmi. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la balẹ̀ ní Aláàkíà. Mo gba takisí. Ìgbà tí a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìwó Road ni mo tó tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ iléeṣẹ́ fóònù wọlé pé ìpè mọ́kànlá ni àbúrò mi ti pè. Mo wo àkókò wọn, ó ya mí lẹ́nu: láti aago mẹ́ta lọ sókè ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń sìnkú bàbá rẹ̀, kí ló ń pè mí fún nígbà mọ́kànlá? Mo pè é padà, kò gbé e. Mo tún pè é. Mo ní kí awakọ̀ bá mi yára, ó ní ṣé kí òun fò ni.

Wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gàríbí nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo kọ́kọ́ wò, níbi tí ìyá mi wà. Koríko ló wà níbẹ̀, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí erùpẹ̀ tuntun. Kò sí ṣọ́bìrì. Mo dúró, mo ń wo koríko yẹn. Gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bà mí níbẹ̀ yẹn. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo sáré wọlé.

Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò dọ̀bálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ìgbà wo?” mo bi í.

“Kò tíì tó wákàtí kan.”

“Ìwọ lo ní wọ́n ń sùn!”

“Wọ́n ń sùn ni, Àǹtí. Mo sọ fún yín pé wọ́n ń sùn. Wọn ò fojú kan oorun mọ́jú, ìdájí ni oorun tó gbé wọn lọ, mi ò fẹ́ jí wọn. Aago mẹ́ta ni wọ́n jí, ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n ní kí n tẹ̀ yín láago. Mo pè yín títí. Wọ́n ní bóyá ẹ wà lókè, pé fóònù kì í lọ lókè. Wọ́n ní kí n gbé àwọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà.”

Mo wọlé. Lóòótọ́, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, nítorí náà wọ́n ní ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó sin wọ́n. Òkú ilé wa dúró lọ́jọ́ kan yẹn. Àbúrò mi ṣí aṣọ funfun náà fún mi. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú tí mo ti fi ọdún mẹ́fà bẹ̀rù pé mi ò ní rí, mo rí i, mo wò ó tẹ́rùn. Bàbá mi ni kò rí tèmi.